Iṣẹ́ Bátànì Lára Aṣọ àti Lára Páálí

Kò sí ọmọ ilé-ìwé tí kò tí ì rí iṣẹ́ bátànì rí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ni kò mọ orúkọ tí à ń pè é. Àwọn lẹ́tà dúdú tí ó wà lára àpò kòkó, nọ́ńbà tí a kọ sára àga àti tábìlì ilé-ìwé, orúkọ ẹni tí ó ni ọkọ̀ akẹ́rù tí a kọ sára ilẹ̀kùn rẹ̀, bátànì ni a fi ṣe púpọ̀ nínú wọn. Bátànì ni ohun pẹlẹbẹ kan, ìbáà ṣe páànù, páálí tàbí rọ́bà, tí a gé ihò sí lára ní ìrísí àwòrán tí a ń fẹ́. A ó tẹ́ ẹ lé orí ohun tí a fẹ́ ya àwòrán sí, a ó sì fi ẹ̀kọ tàbí ọ̀dà kọjá lórí rẹ̀. Ibi tí ihò bá wà ni ẹ̀kọ tàbí ọ̀dà náà yóò gbà wọlé. Ibi tí kò bá sí ihò yóò wà bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí a bá gbé bátànì kúrò, àwòrán yóò hàn.

Nítorí pé ó rọrùn báyìí lójú, àwọn kan a máa fojú tín-ín-rín iṣẹ́ náà. Wọn a ní ẹni tí ó fi ìyẹ́ adìẹ ya àwòrán sára aṣọ ni oníṣẹ́ ọnà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó lo bátànì, àdàkọ lásán ni ó ń ṣe. Ọ̀rọ̀ yìí kò tọ̀nà. Ẹni tí ó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé bátànì kan ṣoṣo rí yóò mọ̀ pé ọgbọ́n iṣẹ́ náà kò sí nínú ẹ̀kọ tí a ń tì gba inú ihò, bí kò ṣe nínú gígé ihò náà fúnra rẹ̀, àti pé orí ní láti ti ṣe gbogbo iṣẹ́ tán kí irin tó kan páànù. Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé wa yékéyéké, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ lọ sí Abẹ́òkúta.

Abẹ́òkúta jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ìlú tí a mọ̀ mọ àdìrẹ, ọjà Ìtòkú sì ni ojúkò rẹ̀ níbẹ̀. Oríṣi àdìrẹ tí àwọn ìyá wa ń ṣe láti ìgbà pípẹ́ kì í ṣe ẹyọ kan. Àdìrẹ oníko wà, èyí tí a fi ìko di ṣinṣin; alábẹ́rẹ́ wà, èyí tí a fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán; ẹlẹ́kọ sì wà, èyí tí a fi ẹ̀kọ yà. Ọgbọ́n kan náà ni ó wà nídìí gbogbo wọn, èyíinì ni kí a má jẹ́ kí aró dé ibi tí a kò fẹ́ kí ó dé. Ẹ̀kọ tí a ń sọ yìí kì í ṣe ẹ̀kọ mímu o. Làfún ni a ń sè pẹ̀lú álọ́ọ̀mù títí yóò fi ki, tí yóò sì lè lẹ̀ mọ́ aṣọ. Àwọn obìnrin a máa fi ìyẹ́ adìẹ tàbí igi ìgbálẹ̀ ya ẹ̀kọ náà sára aṣọ funfun, bẹ́ẹ̀ ni a sì ṣe ń ya Ìbàdàndùn, èyí tí òpó gbọ̀ngàn Màpó ń bẹ nínú rẹ̀, tí a sì ń ya Olókun.

Àwọn ọkùnrin ni ó mú bátànì wọ inú iṣẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún. Wọ́n lo òjé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn òyìnbó fi ń tẹ́ inú àpótí tíì, lẹ́yìn náà ni wọ́n bọ́ sí páànù. Oníṣẹ́ yóò ya àwòrán sára páànù náà, yóò gbé e ka orí igi, yóò sì máa fi òòlù gbá irin ẹlẹ́nu mímú sí i díẹ̀díẹ̀, títí gbogbo ibi tí ó fẹ́ gé yóò fi jábọ́. Nígbà tí ó bá fẹ́ lò ó, yóò na aṣọ sórí tábìlì kí ó le dáadáa, yóò tẹ́ bátànì lé e, yóò sì fi irin pẹlẹbẹ wọ́ ẹ̀kọ kọjá lórí rẹ̀ láti etí kan dé èkejì. Lẹ́yìn èyí yóò gbé bátànì náà ní ṣánṣán sókè, kí ẹ̀kọ má bàa fà, yóò sì gbé e sí ìtòsí ibi tí ó ti gbé e. Ibi yìí ni ojú ti ń ṣiṣẹ́ ju ọwọ́ lọ. Bí àyè tí ó wà láàárín àwòrán kìíní àti èkejì bá fi ìwọ̀n ìbú ìka kan ju èyí tí ó tẹ̀lé e lọ, gbogbo ayé ni yóò rí i nígbà tí a bá rán aṣọ náà.

Bí ẹ̀kọ bá gbẹ tán, ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin aláró ni aṣọ ń lọ. Ewé èlú ni wọ́n ń gún, tí wọ́n ń ṣù, tí wọ́n sì ń sá gbẹ. Omi tí a sẹ́ gba inú eérú ni wọ́n sì ń rẹ ẹ́ sí fún ọjọ́ mélòó kan kí aró tó jinná. Nígbà tí wọ́n bá yọ aṣọ jáde láti inú ìkòkò, àwọ̀ rẹ̀ yóò dà bíi ti ewé tútù. Bí ènìyàn bá dúró wò ó, ojú rẹ̀ ni yóò ṣe tí àwọ̀ ewé náà yóò máa yí padà di aró, nítorí pé ọ́síjìn tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ ni ó ń parí iṣẹ́ tí omi bẹ̀rẹ̀. Wọn a tún rẹ ẹ́, wọn a tún ká a síta, títí yóò fi dúdú tó bí wọ́n ti ń fẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò ha ẹ̀kọ kúrò. Ibi tí ẹ̀kọ ti wà yóò funfun, tàbí kí ó ní àwọ̀ aró fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, gbogbo ìyókù yóò sì dúdú.

Àdìrẹ kan wà tí a ń pè ní Olọ́ba, tí a ṣe láti fi rántí ayẹyẹ ọdún 25 tí Ọba George Karùn-ún ti gun orí ìtẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1935 ni ayẹyẹ náà wáyé. Ọba àti ayaba ni ó wà ní àárín aṣọ náà, ọnà lóríṣiríṣi sì yí wọn ká. Ẹ ronú wò ná bí a ó ti fi ihò páànù ṣe ojú ènìyàn! Imú, ẹnu, ẹyinjú, adé orí: gbogbo wọn ni ó gbọ́dọ̀ hàn, bẹ́ẹ̀ ni páànù kò sì gbọdọ̀ fọ́ sí wẹ́wẹ́.

Ìṣòro tí ó wà nídìí gbogbo iṣẹ́ bátànì nìyí, lẹ́tà kan ṣoṣo sì tó láti fi í hàn. Ẹ mú páálí kan, ẹ kọ lẹ́tà O gbàǹgbà sí i, kí ẹ sì gé ìlà rẹ̀ kúrò yípo. Ojú ẹsẹ̀ náà ni àárín rẹ̀ yóò jábọ́ sílẹ̀, ohun tí yóò sì kù lọ́wọ́ yín kì í ṣe O mọ́, ihò roboto lásán ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni A, B, D, P àti R, nítorí pé gbogbo wọn ni ó ní àyè tí ìlà yí ká. Ohun tí àwọn oníṣẹ́ ń ṣe sí i ni pé wọn a fi páálí tẹ́ẹ́rẹ́ méjì sílẹ̀ láìgé, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, tí yóò so àárín mọ́ òde. Afárá ni a lè pè é. Ìdí nìyí tí àwọn lẹ́tà ara àpò kòkó fi máa ń dà bí ẹni pé a gé wọn sí méjì. (Èmi a máa bi àwọn akọ̀wé ojú pátákó léèrè ìdí tí wọn kì í fi í sí àmì sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá. Nínú lẹ́tà Ọ, inú rẹ̀ ni ó ṣòro. Ẹ̀ẹ́mín ìsàlẹ̀ rẹ̀, ihò kékeré kan péré ni, àmì ohùn orí rẹ̀ náà kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwíjàre wo ni ó kù?)

Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ a máa fi afárá síbi tí ó bá ṣáà ti rí, ojú yóò sì rí i pé àwòrán náà já. Ọ̀gá oníṣẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá fẹ́ gé ẹyẹ, yóò kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé: níbo ni ìlà wà lára ẹyẹ tẹ́lẹ̀? Ìlà wà láàárín ìyẹ́ kan àti èkejì. Ìlà wà níbi tí ọrùn ti pàdé àyà. Ìlà wà láti ìdí àgógó dé ẹyinjú. Àwọn ìlà wọ̀nyí gan-an ni yóò fi sílẹ̀ láìgé, kí wọ́n lè di afárá. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ẹni tí ń wò ó kò ní í mọ̀ pé afárá wà níbẹ̀ rárá. Ìyẹ́ ni yóò rò pé òun ń wò. Nítorí náà, ohun tí ó gbé páànù ró ni ó tún ń ṣe ẹwà fún àwòrán. Ẹni tí kò bá lè ronú ohun méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kò lè gé bátànì tí ó dára, ìbáà jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ mọ irin lò bíi kí ni. Ní ilẹ̀ Japan, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀kọ ìrẹsì ṣe irú iṣẹ́ kan náà láti ayé àtijọ́, ìwé tí a fi omi èso rin kí ó lè le ni wọ́n ń gé. Ibi tí afárá kò bá sì wù wọ́n, wọn a fi fọ́nrán òwú sílíkì tín-ín-rín hun ún, tí ojú kò fi ní í rí ohun tí ó dì í mú.

Wàyí o, iṣẹ́ tí ó gba ọgbọ́n tó báyìí wà nínú ewu ní ọjà. Láti bí ọdún mélòó kan, aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ lókè òkun, pàápàá ní ilẹ̀ Ṣáínà, tí ó jọ àdìrẹ tí owó rẹ̀ kò sì tó ti àdìrẹ, ti ń wọ ọjà wa lọ́pọ̀lọpọ̀, àwọn aládìrẹ Abẹ́òkúta sì ti ń ké gbàjarè lórí rẹ̀. Kì í ṣe òní ni ọ̀rọ̀ ojúlówó àti ayédèrú ti ń dá ìjà sílẹ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 1936, àríyànjiyàn ńlá wáyé láàárín àwọn obìnrin aláró àti Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì lórí lílo sódà líle àti aró òyìnbó, títí tí ìjọba fi ní láti gbé ìgbìmọ̀ dìde láti wádìí rẹ̀. Ní tiwa, ọ̀nà kan tí ó rọrùn láti fi mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni kí a yí i padà, kí a wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ojú kan ni a ń fi ẹ̀kọ sí, nítorí náà aró máa ń wọ ẹ̀yìn aṣọ, yóò sì dúdú ju iwájú lọ, àwòrán ibẹ̀ kò sì ní í hàn kedere. Ti aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ sí ojú kan yàtọ̀ sí èyí: ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó máa ń ṣì jù. Bákan náà, ẹ̀kọ a máa sán nígbà tí ó bá gbẹ, aró a sì gba ojú sísán náà wọlé bí ìlà wẹ́wẹ́. Ìlà bẹ́ẹ̀ kì í jọra ní ibi méjì lára ojúlówó aṣọ.

Ẹ̀kọ ni a ti ń sọ láti ẹ̀ẹ̀kan. Ọ̀dà kò rí bẹ́ẹ̀, òdìkejì ẹ̀kọ ni. Ibi tí ẹ̀kọ bá gba inú bátànì kọjá ni aró kò ní í dé, nítorí náà ẹyẹ yóò funfun lára aṣọ dúdú. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ọ̀dà dúdú gba inú bátànì kan náà kọjá sórí páálí funfun, ẹyẹ dúdú ni yóò jáde. Ọ̀nà kẹta sì tún wà. Ẹyẹ páálí tí ó jábọ́ nígbà tí a ń gé bátànì, ẹ má ṣe sọ ọ́ nù. Ẹ gbé e lé orí páálí mìíràn, kí ẹ sì fín ọ̀dà yí i ká. Bí ẹ bá gbé e kúrò, ẹyẹ funfun ni ẹ óò rí láàárín ọ̀dà.

Ọ̀nà kẹta yìí ni ó dàgbà jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ bátànì tí a mọ̀. Nínú àwọn ihò àpáta ní erékùṣù Sulawesi, ní ilẹ̀ Indonesia, àwọn ènìyàn àtijọ́ gbé ọwọ́ lé ara òkúta, wọ́n sì fín ọ̀dà pupa yí i ká, tí àmì ọwọ́ wọn fi wà níbẹ̀ títí di òní. Ní ọdún 2014 ni àwọn onímọ̀ kéde pé ọ̀kan nínú àwọn ọwọ́ náà ti lo ọdún 39,900, ó kéré tán. Irú rẹ̀ pọ̀ ní ilẹ̀ Argentina pẹ̀lú, nínú ihò kan tí orúkọ rẹ̀ gan-an túmọ̀ sí Ihò Ọwọ́. Ọwọ́ ni bátànì wọn. Agolo tí a ń tẹ̀ lórí kí ọ̀dà lè tú jáde bí ìrì kò pẹ́ púpọ̀ ní tirẹ̀: ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Edward Seymour, tí ó ń ta ọ̀dà ní ìlú Sycamore ní ìpínlẹ̀ Illinois, ni ó ṣe é ní ọdún 1949. Aya rẹ̀ ni ó dá a nímọ̀ràn náà.

Bí ẹ bá fẹ́ dán iṣẹ́ yìí wò, páálí ìwé tàbí ìwé àwòrán X-ray àtijọ́ dára fún bátànì. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí dára jù, nítorí pé ọ̀dà kì í rin ín, a sì lè nù ún. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ojú ènìyàn. Ẹyẹ tàbí ẹja ti tó. Ẹ ya àwòrán náà, kí ẹ sì kun gbogbo ibi tí ẹ óò gé ní dúdú kí ẹ tó mú abẹ. Ẹ wò ó dáadáa bóyá funfun kankan wà tí dúdú yí ká. Bí ó bá wà, ẹ wá afárá fún un nísinsìnyí, nítorí pé kò sí àtúnṣe lẹ́yìn gígé.

Ìta gbangba ni a ti ń fín ọ̀dà, kì í ṣe inú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Afẹ́fẹ́ ọ̀dà náà kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró, aṣọ tí a fi bo imú kò sì lè dá a dúró. Ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn máa ti ẹ̀yìn yín fẹ́ lọ. Gáàsì tí ó ń ti ọ̀dà jáde máa ń gbiná, nítorí náà iná kò gbọdọ̀ sí nítòsí, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ fi agolo sínú oòrùn tàbí kí a lu ú. Olùkọ́ yín gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Ẹ mi agolo náà fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, títí tí bọ́ọ̀lù kékeré inú rẹ̀ yóò fi máa ró geere. Ẹ gbé òkúta wẹ́wẹ́ lé etí bátànì kí ó lè lẹ̀ mọ́ páálí, nítorí pé ibikíbi tí ó bá gbé sókè ni ọ̀dà yóò yọ́ wọ abẹ́ rẹ̀, tí etí àwòrán yóò sì rú. Kí agolo jìnnà tó bíi sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30. Kí ọwọ́ ti máa lọ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, kí ó sì kọjá etí kejì kí ẹ tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọn a fẹ́ kí ọ̀dà dúdú kiriri lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀dà á pọ̀ lójú kan, á sì máa ṣàn bí omijé. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: fífín fẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbẹ díẹ̀ kí èkejì tó tẹ̀lé e, sàn ju ẹyọ kan tí ó ki lọ. Bí ẹ bá fẹ́ àwọ̀ ju ọ̀kan lọ, èyí tí ó mọ́lẹ̀ jù ni kí ó ṣáájú.

Lẹ́yìn èyí, kí olúkúlùkù máa wá bátànì tí kò gbà gígé kiri. Àjákù aṣọ léèsì tí a nà sórí páálí yóò fi gbogbo ọnà rẹ̀ sílẹ̀. Àwọ̀n ẹja yóò fi ìpẹ́ hàn. Bí ẹ bá sì kọ́kọ́ tẹ́ bátànì ẹja sílẹ̀, kí ẹ tó na àwọ̀n lé e, ẹja yín yóò ní ìpẹ́ láìgé ẹyọ kan nínú rẹ̀. Ewé ẹ̀gẹ́ yóò dúró bí ọwọ́ tí ó la ìka, ó sì dùn mọ́ mi láti rí i, nítorí pé láti ara igi kan náà ni làfún ti wá.

Ọ̀dà agolo a máa mú kí aṣọ gan, kò sì yẹ fún ohun tí a óò wọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lo bátànì yín lára aṣọ, ẹ sè ẹ̀kọ làfún kí ó ki, ẹ fi etí páálí líle wọ́ ọ kọjá, kí ẹ jẹ́ kí ó gbẹ délẹ̀, kí ẹ sì rẹ ẹ́ sínú aró tútù. Aró gbígbóná yóò yọ́ ẹ̀kọ náà. Kí ẹ fọ bátànì kí ẹ̀kọ tó gan mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé aṣọ àti páálí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ẹyẹ kan náà ni. Ṣùgbọ́n afárá tí ẹ fi sí ìyẹ́ rẹ̀ yóò jẹ́ ìlà funfun lára ẹyẹ dúdú orí páálí, yóò sì jẹ́ ìlà aró lára ẹyẹ funfun orí aṣọ. Bí ìlà náà bá dà bí ìyẹ́ ní ibi méjèèjì, ẹ ti gé e dáadáa.